Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ló ni: kí ni wọ́n ń sọ bí wọ́n bá ní kí ọkọ̀ má gba òpópónà kan mọ́?

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, Màmá kan tí mo máa ń ra àdìrẹ lọ́wọ́ wọn na fóònù wọn sí mi. "Ọmọ mi, gbọ́ ohun tí ẹnìkan fi sínú gúrúùpù ẹgbẹ́ wa." Ohùn ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, tó ń pariwo pé àwọn òyìnbó ti ń fi òfin de mọ́tò nínú ìlú, pé wọ́n máa sé kálukú mọ́ àdúgbò rẹ̀, àti pé ó ń bọ̀ wá kan Nàìjíríà. Màmá sì ní ọmọ kan ní Sípéènì. Ọmọ náà ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé mọ́tò kì í wọ òpópónà tí òun ń gbé. Bí wọ́n ṣe so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, ọkàn wọn ò balẹ̀ mọ́. "Àbí wọ́n ti sé ọmọ mi mọ́lé ni?"

Kò sẹ́ni tó sé e mọ́lé. Mo ṣàlàyé fún Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó dúró tì wá náà ní ìbéèrè tiwọn. Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan bi mí pé ibo ni òun á máa gbà. Ìyá ẹlẹ́ja bi mí pé ta ni yóò bá òun gbé páálí ẹja dídì. Àwọn ìbéèrè gidi nìyẹn, wọ́n ju ohun tí èèyàn lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún dáhùn. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Kí ni ọ̀nà afẹsẹ̀rìn?

Ọ̀nà afẹsẹ̀rìn ni òpópónà kan, tàbí apá kan lára òpópónà, tí àwọn alákòóso ìlú ti pinnu pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ló ni ín. Mọ́tò, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ ṣì wà nínú ìlú, títì ńlá ṣì wà níbi tó wà. Ibì kan péré, tó sábà máa ń jẹ́ ibi tí èrò ti pọ̀ jù lọ, ni wọ́n yọ ọkọ̀ kúrò.

Ẹ ronú nípa ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín kọjá. Kò sẹ́ni tó ní kí ayálégbé má ra ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n bó bá gun ọ̀kadà náà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, tí ìyá kan ti jókòó tó ń ṣa ẹ̀wà, gbogbo ilé ló máa dìde sí i. Wọ́n á ní kó gbé e síta, kó fẹsẹ̀ rìn wọlé. Òpópónà ọjà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìlú, ohun kan náà sì ni àwọn ìlú yìí ń sọ fún ọlọ́kọ̀.

Oríṣi rẹ̀ pọ̀, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń wá. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti gbére, bíi Strøget ní ìlú Copenhagen lórílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì, òpópónà tó gùn ju kìlómítà kan lọ díẹ̀, tí wọ́n yọ ọkọ̀ kúrò níbẹ̀ láti 1962. Òmíràn jẹ́ ti wákàtí: ọkọ̀ ẹrù á wọlé láàárọ̀ kùtù, á já ẹrù, á jáde, wọ́n á wá dínà títí di ìrọ̀lẹ́. Òmíràn tún jẹ́ ti ọjọ́. Ní Bogotá, olú-ìlú Kòlóńbíà, láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń ya òpópónà sọ́tọ̀ lọ́jọ́ Sunday àti ọjọ́ ìsinmi fún àwọn tó ń rìn, tó ń sáré, tó ń gun kẹ̀kẹ́. Lónìí, ọ̀nà tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ lé ní 120 kìlómítà, láti aago méje àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Bí aago méjì bá lù, mọ́tò padà sójú ọ̀nà rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ti ọ̀nà pa níbì kan, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé apá wo ni, ìgbà wo ni, àti pé ta ni wọ́n ṣì yọ̀ǹda fún láti wọlé.

Ṣé wọ́n fẹ́ sé wa mọ́ àdúgbò ni?

Rárá. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọkùnrin inú fóònù yẹn lọ̀ pọ̀. Carlos Moreno, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris, ló gbé èrò kan kalẹ̀ ní 2016, tí wọ́n ń pè ní ìlú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tó ń sọ ni pé ó yẹ kí ọjà, ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ibi ìgbafẹ́ wà níbi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti ilé rẹ̀. Kò sí géètì níbẹ̀, kò sí ìwé àṣẹ ìjáde. Ẹni tó ń gbé ní Ìta-Ọṣù, tó fẹsẹ̀ lọ ra ata, tó gba òògùn ibà ní ọ̀nà àbọ̀, ti ń gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀ láìmọ̀ pé ó lórúkọ.

Àmọ́ ní 2022, ìlú Oxford ní Ìlú Ọba fẹ́ fi kámẹ́rà sí àwọn òpópónà kan, kí ọlọ́kọ̀ tó bá gba ibẹ̀ ní àwọn wákàtí kan láìgbàṣẹ san owó ìtanràn. Ní 2023, àwọn èèyàn da èyí pọ̀ mọ́ ti Moreno, wọ́n wọ́de, ìròyìn náà sì gba orí fóònù títí tó fi dé Òkè-Ajé.

Ti Sípéènì tí ọmọ Màmá ń sọ yàtọ̀ pátápátá. Ìlú tí wọ́n mọ̀ jù lọ fún èyí níbẹ̀ ni Pontevedra. Kì í ṣe olú-ìlú ńlá, èèyàn tó lé díẹ̀ ní 80,000 ló ń gbé ibẹ̀. Láti 1999 tí Miguel Anxo Fernández Lores ti di olórí ìlú náà ni wọ́n ti ń yọ ọkọ̀ kúrò ní àárín gbùngbùn ìlú. Ẹni tó ní gáréèjì nínú ilé rẹ̀ lè wọlé. Ọkọ̀ ẹrù lè wọlé. Áńbúláǹsì lè wọlé nígbàkígbà. Ẹni tó kàn fẹ́ gba àárín ìlú kọjá lọ síbòmíràn ni kò sí àyè fún. Wọ́n ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí ọ̀fẹ́ sí ẹ̀yìn ìlú, wọ́n sì ya àwòrán kan tó jọ ti ọ̀nà rélùwéè, àmọ́ tó jẹ́ iye ìṣẹ́jú tí èèyàn máa fi rìn láti ibì kan dé ibòmíràn ló wà lára rẹ̀. Àwòrán yẹn wù mí gan-an. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ ibi tí a ń gun ọ̀kadà lọ nínú Ìjẹ̀bú-Òde, a ò tíì bi ara wa léèrè rí bóyá ìṣẹ́jú méje péré ni.

Ṣé irú rẹ̀ ti wà ní Ìjẹ̀bú rí?

Ó wà. Ojú gbogbo wa ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Ojúde ni àyè tó wà níwájú ilé, níbi tí ilé àti ìgboro ti pàdé. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí gbogbo Ìjẹ̀bú bá ń lọ sí Ojúde Ọba, wọ́n á darí ọkọ̀ gba ibòmíràn. Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ yẹn lọ́jọ́ náà. Àwọn ìdílé Balógun á dé pẹ̀lú ẹṣin àti ìlù. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà tí Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà sọ jí ní àkókò ìjọba wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1960 tó sì parí ní 2025, á máa yan bọ̀ nínú aṣọ ẹgbẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta á wà lórí èjìká bàbá rẹ̀. Arúgbó á fi ọ̀pá rìn, kò sẹ́ni tó máa tẹ họ́ọ̀nù lé e lórí. Ọ̀pọ̀ wọn ló gbé ọkọ̀ wá láti Èkó, wọ́n gbé e síbi tó jìnnà, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn ìyókù tayọ̀tayọ̀. Ẹ bi àwọn tó ń ta oúnjẹ lọ́jọ́ náà bóyá ọjà kú.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìyẹn àti Strøget ni pé tiwa jẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún.

Mi ò fi ti Orò tàbí Agẹmọ ṣe àpẹẹrẹ. Bí Orò tàbí Agẹmọ bá ń kọjá, èèyàn, pàápàá obìnrin, ni wọ́n ń yọ kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀nà afẹsẹ̀rìn ń dá èèyàn padà sójú ọ̀nà ni. Mi ò sì ka àwọn tó ń na kánópì dí títì lọ́jọ́ Saturday nítorí òkú ṣíṣe mọ́ ọn. Wọn kò kéde, wọn kò fi ọ̀nà mìíràn hàn wá, bí aboyún bá sì ń rọbí lódì kejì, kò sí bí wọ́n ṣe máa gbé e kọjá. Ọ̀nà afẹsẹ̀rìn tó bá lórí tó nídìí máa ń pèsè ọ̀nà mìíràn kó tó dí èyí tó wà tẹ́lẹ̀.

Ibo ni àwọn ọkọ̀ yóò gbà?

Ìbéèrè oníkẹ̀kẹ́ Márúwá nìyí, òun sì ni gbogbo ayé máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ó dà bíi pé bí a bá dí ọ̀nà kan, gbogbo ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ máa ya lọ sí èkejì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á sì di ìlọ́po méjì. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2002, Cairns, Atkins àti Goodwin ní Ìlú Ọba tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde nípa ibi tó lé ní 70 ní orílẹ̀-èdè 11, níbi tí wọ́n ti gba àyè lọ́wọ́ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n ka ọkọ̀ lójú ọ̀nà tí wọ́n dí àti lójú àwọn ọ̀nà tó yí i ká, wọ́n rí i pé apá kan lára àwọn ọkọ̀ náà kò sí níbì kankan mọ́. Ní ìdajì àwọn ibi náà, ohun tó dín kù tó ọkọ̀ kan nínú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibo ni wọ́n wọlé sí? Ẹ ronú nípa omi. Bí ẹ̀rọ omi bá wà nínú ọgbà yín, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lójúmọ́ lẹ máa ṣí i, ẹ máa fi fọ ẹsẹ̀, ẹ máa fi wọ́n ilẹ̀. Bó bá di pé kànga ìsàlẹ̀ àdúgbò lẹ ń lọ, òùngbẹ kò ní pa yín. Ẹ máa lọ láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ máa gbé korobá tó tóbi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ̀. Ẹni tó máa ń gbé mọ́tò lọ ra búrẹ́dì á fẹsẹ̀ lọ. Ẹni tó ń lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀mẹta á lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò ní nǹkan ṣe nínú ọjà rárá, tó kàn ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ọ̀nà Èpẹ́, á kúkú gba ẹ̀yìn ìlú láti ilé.

Àmọ́ kí n má tan yín. Ọ̀nà mìíràn gbọ́dọ̀ wà kí èyí tó lè rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ títì ọlọ́dà kan ṣoṣo ló so àdúgbò méjì pọ̀, tí ìyókù jẹ́ kòtò àti ẹrẹ̀, ẹni tó bá dí i ti ṣe ìkà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ní làákàyè tó máa sọ pé kí wọ́n sọ ojú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù, tí tírélà ń gbà tọ̀sán-tòru, di ibi ìrìn ẹsẹ̀. Ohun tí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nílò ni afárá ẹlẹ́sẹ̀ àti ibi tí ọmọ ilé ìwé lè gbà sọdá láìkú.

Ọjà ńkọ́?

Ibi tí ẹ̀rù ti máa ń ba àwọn oníṣòwò jù lọ nìyí, mi ò sì bá wọn wí. Ní Copenhagen, àwọn onísọ̀ọ̀bù fárígá. Wọ́n ní bí mọ́tò kò bá sí, oníbàárà kò ní sí. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ará Ítálì tó máa ń rìn gbéregbère níta, pé òtútù ìlú àwọn kò gba ìyẹn. Lẹ́yìn ọdún méjì ìdánwò, ní 1964, wọ́n sọ ọ́ di ti gbére. Títí dòní, ibẹ̀ ni èrò ti ń wọ́ láti ra ọjà.

Ìtàn tó wù mí jù ni ti Curitiba ní Bràsíl. Ní 1972, olórí ìlú náà, Jaime Lerner, tó jẹ́ ayàwòrán ilé, mọ̀ pé bí òun bá ní kí àwọn kọ́kọ́ jiyàn, iṣẹ́ náà ò ní bẹ̀rẹ̀ láé. Ìrọ̀lẹ́ Friday ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, nígbà tí kóòtù àti báńkì ti tì. Wọ́n hú ọ̀dà, wọ́n tẹ́ òkúta, wọ́n gbin òdòdó, wọ́n gbé ìjókòó kalẹ̀. Láàárín wákàtí 72, ó ti parí. Inú bí àwọn onísọ̀ọ̀bù, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe rí iye èèyàn tó ń ya wọ sọ́ọ̀bù wọn, àwọn kan náà ló padà wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fa ọ̀nà náà gùn sí i. Nígbà tí àwọn ọlọ́kọ̀ kan mura láti fi tipátipá wa mọ́tò gba ibẹ̀, ìlú kò ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá. Wọ́n tẹ́ bébà gbọọrọ sílẹ̀, wọ́n pe àwọn ọmọdé pé kí wọ́n wá fi ọ̀dà ya àwòrán. Nígbà tí àwọn ọlọ́kọ̀ dé, ọmọdé ló jókòó kún ilẹ̀.

Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn, síbẹ̀ mi ò rò pé ọ̀nà tí Lerner gbà ló yẹ wa. Oníṣòwò wa ti jìyà púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi òru gbé katakátá wá wó ìsọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jókòó sọ ọ́.

Ó sì níbi tó ti forí ṣánpọ́n. Ní Amẹ́ríkà, Kalamazoo ni ìlú tó kọ́kọ́ ṣe é, ní 1959. Ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀ tẹ̀ lé e ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì dá ọkọ̀ padà. Chicago yọ mọ́tò kúrò ní State Street ní 1979, bọ́ọ̀sì nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n sì dá mọ́tò padà ní 1996. Kí ló fà á? Àwọn èèyàn ti kó kúrò ní àárín ìlú lọ sí ẹ̀yìn odi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rajà, mọ́tò sì ni wọ́n fi ń lọ. Ọ̀nà tí kò sẹ́ni tó ń gbé nítòsí rẹ̀, bí wọ́n bá yọ ọkọ̀ kúrò níbẹ̀, aṣálẹ̀ ló dà.

Ẹ wá wo Òkè-Ajé. Ṣé èrò kò sí níbẹ̀ ni? Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rajà níbẹ̀ fi ń rìn láàárín ọjà, wọ́n ń fi ara gbá ara nítorí pé mọ́tò ti gba àárín. Ẹni tó jókòó sínú mọ́tò, tó ń wá bó ṣe máa kọjá, kò lè na ọwọ́ yan tòmátì.

Ẹ̀rù tó ń bà mí gan-an wà níbòmíràn. Bí ibì kan bá dára, àwọn onílé á gbówó lé sọ́ọ̀bù. Ẹnìkan á sì sọ pé àwọn tó ń fi àtẹ tajà ń ba ẹwà ibẹ̀ jẹ́, kí wọ́n kó kúrò. Bí ọ̀nà afẹsẹ̀rìn bá lé ìyá aláàtẹ lọ, mi ò mọ ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Ó yẹ kí àyè tiwọn wà nínú ètò náà láti ọjọ́ kìíní, kí wọ́n fi ọ̀dà funfun fa ìlà rẹ̀ sílẹ̀.

Ta ni yóò ru ẹrù? Aláìsàn àti arúgbó ńkọ́?

Ìlú àtijọ́ Fez ní Mòrókò kò ní mọ́tò rárá, nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ tóóró láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìbaaka àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń ru ohun gbogbo, láti orí awọ títí dé orí gáàsì ìdáná, ẹni tó ń dà wọ́n á sì máa ké "Balak!", bí àwa náà ṣe máa ń ké pé "Ẹ yàgò o!" Ọjà ibẹ̀ ṣì ń lọ ní pẹrẹu. Ibi tí títì ti fẹ̀, wákàtí ni wọ́n ń lò. Ọkọ̀ ẹrù á wọlé kí ọjà tó kún, á tún wọlé lẹ́yìn tí ọjà bá tú. Láàárín ìyẹn, ọmọlanke ló kù. Ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ri àwọn òpó irin kúkúrú mọ́lẹ̀, èyí tí wọ́n lè ṣí pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ fún áńbúláǹsì àti ọkọ̀ panápaná. Bí òpó náà bá wà tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, wàhálà ni. Ó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń sùn nítòsí.

Àwọn kan máa ń sọ pé èyí máa ni àwọn àgbà lára. Ìyá mi àgbà ní àpá kan ní ojúgun, níbi tí páìpù èéfín ọ̀kadà ti jó wọn nínú ọjà, nígbà tí ọ̀kadà náà ń wá bó ṣe máa gba àárín èrò kọjá. Láti ọjọ́ yẹn ni wọn ò ti fẹ́ dá lọ sọ́jà mọ́. Kì í ṣe ìrìn ló ni wọ́n lára, ìbẹ̀rù ni. Ohun tí àgbàlagbà nílò ni ìjókòó lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ibòji igi, ilẹ̀ tó tẹ́jú àti gọ́tà tó ní ìdérí. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ nílò ohun kan náà gẹ́lẹ́. Gọ́tà tó lanu sílẹ̀ ti sé àwọn wọ̀nyí mọ́lé ju òfin kankan lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bíi 1.19 mílíọ̀nù èèyàn ló ń kú lójú pópó káàkiri ayé lọ́dọọdún, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn sì pọ̀ nínú wọn. Ìmọ̀ràn àjọ náà ni pé níbi tí èèyàn àti ọkọ̀ bá ti pàdé, kí eré ọkọ̀ má kọjá 30 kìlómítà ní wákàtí kan. Ibi tí a kò bá lè yọ ọkọ̀ kúrò, ẹ jẹ́ ká kúkú dín eré rẹ̀ kù.

Bí a bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín ti bẹ̀rẹ̀. Kigali ní Rùwáńdà ń ya àwọn títì kan sọ́tọ̀ fún ìrìn àti eré ìdárayá láti 2016. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kó tó di ẹ̀ẹ̀mejì, àwọn elétò ìlera sì máa ń bá èèyàn yẹ ara wò níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Addis Ababa ní Ẹtiópíà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ìparí 2018. Wọn ò dúró dìgbà tí wọ́n máa rówó tẹ́ òkúta. Ìdènà lásán ni wọ́n fi ń ṣe é.

Èrò tèmi ni pé kí Ìjẹ̀bú-Òde fi apá kékeré kan nínú ọjà gbìyànjú rẹ̀, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, fún oṣù mẹ́ta. Kí wọ́n ka iye èèyàn tó wọ ibẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn. Kí wọ́n bi àwọn oníṣòwò léèrè iye tí wọ́n tà. Kí wọ́n ṣe ibùdókọ̀ gidi fún ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ní ẹnu ọ̀nà méjèèjì, torí pé èrò tó bá rajà tán ṣì máa wọkọ̀ lọ sílé, oníkẹ̀kẹ́ á sì rí wọn lójú kan láìjó epo káàkiri. Ní Ṣàgámù, àwọn ọ̀nà kéékèèké tó wọ ọjà Ṣábó lè gba irú rẹ̀. Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìpẹru kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì máa tó wọn fún báyìí.

Mo padà lọ sí Òkè-Ajé lọ́jọ́ Thursday pẹ̀lú gbogbo àlàyé yìí. Màmá ti bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀. Ó ní gáréèjì ló kàn jìnnà sílé òun. Ìyá ẹlẹ́ja gbọ́ mi tán, wọ́n ní páálí ẹja tiwọn máa ń dé kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà aago mẹ́jọ kò ní pa wọ́n lára. Wọ́n nawọ́ sókè sí ọ̀run tó ti ń ṣú. "Bí mọ́tò bá kúrò, tí gbogbo wa bá jókòó síta báyìí, òjò ńkọ́? Bá mi bi wọ́n pé ta ni yóò ṣe òrùlé."